Ilé Ìwòsàn Tí Mi Ò Wọ̀, Tí Mo Ní Mo Wọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́, kẹ́ ẹ má baà rò pé ará oko kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi ni Àlàní, Àlàní Arìnká, tí wọ́n mọ̀ ní gbogbo Agbonou, ní ìlú Atakpamé ní Togo. Mo sá kúrò nílé ìwé nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ wa ní ìṣirò ìka. Ṣùgbọ́n ẹ gbé mi jù sí ìlú èyíkéyìí láti Dakar títí dé Libreville, kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti rí ilé tí mo máa sùn àti ẹni tó máa se oúnjẹ fún mi. Mo ta aṣọ, mo ta awọ, mo wa ọkọ̀ akẹ́rù gba inú aṣálẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbọ́ èdè méjì ń yangàn. Èmi, mi ò ka tèmi mọ́.

Ẹnu ló gbé mi kiri ayé. Ẹnu yìí kan náà ló ba ayé ọmọ àbúrò mi jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn.

Àwa Yorùbá tí àwọn bàbá wa kó ẹrù wá sí ọjà Atakpamé, a kì í fi ọmọ wa fún ilé tí a ò wádìí. Bí wọ́n bá ń tọrọ ọmọbìnrin wa, a máa rán ẹnì kan lọ sí ìlú àwọn ọkọ. Á jókòó, á wò, á gbọ́, á wá padà wá jíṣẹ́. Ibi tí ẹni yẹn bá fàbọ̀ sí, ibẹ̀ ni gbogbo wa máa dúró sí. Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé ṣé ó dá a lójú. Nínú ìdílé tiwa, ẹni tí wọ́n ń rán yẹn, èmi ni. Mo wádìí ọkọ kiri títí wọ́n fi ń sọ pé ojú mi ń rí inú yàrá láti ìta.

Àbúrò mi Ọmọ́yẹmí, opó ni, ó ń ta aṣọ lọ́jà. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní ni Àdúràọlá. Ọmọ náà kàwé dókítà jáde ní Lomé, ó wá ní iṣẹ́ abẹ lòun fẹ́ ṣe, pé òun fẹ́ máa la àwọn èèyàn, kóun máa tún inú wọn ṣe.

Ìyá rẹ̀ ní, "O ò ti di dókítà ni? Kí ló tún kù?"

Ó ní, "Màámi, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣé ó ti di télọ̀ nìyẹn? Mo gbọ́dọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá, ọdún á gori ọdún. Ilé tí mo bá ti kọ́ ọ ló máa sọ irú oníṣẹ́ abẹ tí mo máa jẹ́."

Àsìkò wà tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn dókítà kékeré lẹ́nu wò, kí wọ́n tó mú wọn. Lọ́dún yẹn, ilé ìwòsàn méjì ló ní àwọn fẹ́ Àdúràọlá. Ọ̀kan wà létí òkun. Ìkejì wà lápá àríwá, ibi tí ilẹ̀ ti ń gbẹ. Mi ò ní dárúkọ ìlú wọn. Orí fóònù ni wọ́n ti bi í ní ìbéèrè. Kò fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kankan rí nínú wọn.

Ó pè wá jókòó nínú àgbàlá. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti bi mí ní tiwọn. Ó ku ohun tí èmi náà fẹ́ mọ̀ nípa wọn. Mo bi àwọn ọ̀gá o, oyin nìkan ni wọ́n fi sí mi lẹ́nu."

"Kí lo fẹ́ mọ̀?"

"Tí ọmọ iṣẹ́ bá ń la aláìsàn, ṣé ọ̀gá máa ń dúró tì í, àbí ó máa ń lọ sí kíníìkì tara ẹ̀? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Ṣé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ń parí, àbí wọ́n ń sá? Tí iná bá kú, ṣé nǹkan míì wà tó máa tàn?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ẹ̀ nìyẹn? Mo rò pé nǹkan tó le ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bi àwọn ọ̀gá. Àwọn dókítà kékeré tó ti pẹ́ níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ sì bi àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn, tí wọ́n ń sùn lórí ẹní níta. Àwọn yẹn ló ń rí gbogbo ẹ̀."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Laetitia wà níbẹ̀, agbẹ̀bí ni, ọmọ Ifẹ̀ ti Togo níbí, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, láti Kamina. Ó ti ní ìrìn àjò kan lọ sí etí òkun, ó ní òun á bá a wo ilé ti ibẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi.

Mo ní, "Ta ló tún mọ apá àríwá jù mí lọ ní Togo yìí?"

Ọmọ́yẹmí mú owó ọkọ̀ wá fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ wádìí bàbá ẹ̀ kí n tó fẹ́ ẹ. Ẹ ò ṣì í. Ẹ bá mi wo ilé yìí bẹ́ ẹ ṣe wo tọjọ́ náà."

Agbádá funfun tí mo dá fún ọdún Iléyá ni mo wọ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí èṣù ti dúró dè mí. Ní ìlú yẹn, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Sàlímọ́tù. Mo ti mọ̀ ọ́n látìgbà tí eyín ẹnu mi ṣì pé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé rẹ̀ tóbi, ọwọ́ rẹ̀ dùn nídìí ọbẹ̀.

Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo: "Àlàní! Wọ́n ní wọ́n ti sin ẹ́ sí Gabon!"

"Ilẹ̀ wo ló máa gbà mí?"

"Irọ́ ẹ ò dín kù! Wọlé jàre. Kí ló gbé ẹ dé?"

"Iṣẹ́ ńlá ni. Ọmọ wa fẹ́ di ọ̀gá nínú àwọn dókítà. Èmi ni wọ́n ní kí n wo ilé ìwòsàn tó máa lọ."

Ó bu omi sínú abọ́, ó gbé e síwájú mi. "Ilé ìwòsàn ò ní sá lọ. Fọ ọwọ́ ẹ."

Ilé ìwòsàn ò ní sá lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú ju ẹran àgùntàn tó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo ní kí n jáde, àwọn ará àdúgbò ti kún yàrá. Àbúrò Sàlímọ́tù, Àbdùlmùmín, ló lọ pè wọ́n. Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Bàbá yìí ló wa ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní bíréèkì sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Bàbá, ẹ bá wọn sọ ọ́!"

Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí. Ta ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tó máa dìde? Mo sọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo sọ òmíràn. Nígbà tí mo parí, oòrùn ti wọ̀. Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, Sàlímọ́tù ti pa adìyẹ. Báyìí ni mo ṣe ń sọ pé ó di ọ̀la, títí ó fi ku ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì tí mo máa bá padà fẹ́ gbéra.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń ṣọ́ ibẹ̀, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ wá wò?"

"Mi ò wá wo aláìsàn. Ilé yìí ni mo wá wò."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ilé ìwòsàn ìjọba lẹ wá wò? Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

Àwọn obìnrin tó jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, àwọn àti ìkòkò wọn, àwọn àti aṣọ tí wọ́n sá sórí ọgbà. Gáàdì náà nawọ́ sí wọn. "Ẹ lọ jókòó ti àwọn yẹn. Tí àsìkò bá tó, a máa ṣílẹ̀kùn."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà sún fún mi. Ó fọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò lórí ẹní. "Bàbá, ẹ wá jókòó. Ó ti pẹ́ tá a ti ń sùn síbí. Kò sóhun tí ojú wa ò tíì rí nínú ilé yìí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rán mi wá nìyẹn, ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ pè mí pé kí n wá jókòó.

Mo wo ẹní náà. Ẹ̀kọ ti dà sí ibì kan lórí ẹ̀. Mo wo agbádá mi. Èmi tí mo bá àwọn ìjòyè jókòó ní Niamey, kí n wá ká ẹsẹ̀ sáàárín ìkòkò? Mo gbójú sókè, mo rí ilé funfun kan lọ́ọ̀ọ́kán, ilé alájà, fèrèsé dígí tòkè rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Mo ní nínú ọkàn mi pé ilé tó bá dán báyìí níta, inú ẹ̀ ò lè burú.

Mo yíjú padà. Mo lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí mo délé, Laetitia ti dé ṣáájú mi. A tún jókòó sínú àgbàlá. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Màámi, ibẹ̀ ò wuyì o. Yàrá tí àwọn dókítà kékeré ń sùn ń jò. Obìnrin ni ọ̀gá wọn, ó sì ń bú wọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nínú oko. Ṣùgbọ́n mo bá mẹ́rin nínú wọn jẹun. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti mú abẹ, obìnrin yẹn kì í kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi rán aláìsàn tán. Tó bá rí i pé o ò tíì sùn, á gba abẹ lọ́wọ́ ẹ, á lé ẹ jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló kúrò láìparí, òun náà lọ fẹ́ òyìnbó ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àdúràọlá náà rẹ́rìn-ín. Mo rí i lójú ẹ̀ pé ọkàn ẹ̀ ti fẹ́ lọ sí etí òkun.

Gbogbo wọn wá kọjú sí mi.

Gbólóhùn kékeré ló yẹ kí n sọ: "Mi ò wọlé." Ó ti dé orí ahọ́n mi, mo búra fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọdé kan lọ, ó rí, ó wá sọ. Kí èmi Àlàní wá ní gáàdì ló dá mi padà? Ahọ́n mi gbé e mì.

Mo ní, "Ẹ gbọ́. Ilé tí mo rí, ẹ ò tíì rírú ẹ̀. Yàrá iṣẹ́ abẹ wà lókè, ó mọ́, iná ẹ̀ ń tàn bí ọ̀sán gangan. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin gíga kan báyìí tó wo gíláàsì, ẹ̀yìn àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló ń dúró sí, bí ìyá tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Òun fúnra ẹ̀ ló bá mi kiri. Ó ní, 'Bàbá, ẹ mú ọmọ yín wá fún wa.'"

Ọmọ́yẹmí gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudulilai!"

Laetitia ní, "Bàbá, àwọn dókítà kékeré ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?"

Mo nàka sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ máa wádìí èmi?"

"Rárá o, Bàbá. Mo kàn bèèrè ni."

Ọmọ́yẹmí dá a lóhùn. "Laetitia, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ẹni tó lọ wádìí, bó bá ṣe jíṣẹ́ la ṣe ń gbà á."

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mo dárí jì í! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi: èmi ni mo dárí ji òun.

Àdúràọlá ń wò mí. "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni ọ̀gá yẹn ń dúró tì wọ́n?"

"Bí mo ṣe ń wò ẹ́ yìí ni mo wò ó."

Ó forí balẹ̀. Ó gba ti àríwá.

Oṣù kìíní rẹ̀ níbẹ̀, ó pè mí. "Bàbá, mi ò rí ọ̀gá gíga tó wo gíláàsì yẹn o. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Bóyá ó ti lọ sinmi ni. Ṣé o ń jẹun?"

Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún pè. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ní ọ̀gá máa ń wá láàárọ̀, á ní kí wọ́n máa ṣe é lọ, á bọ́ sínú ọkọ̀, ó di kíníìkì rẹ̀. Wọ́n á pè é lórí fóònù, kò ní gbé e. Ó ní ọmọ kan kú mọ́ òun lọ́wọ́, àìsàn tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n máa mú kúrò wéré.

Mo ní, "Iṣẹ́ ló máa ń ṣe báyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀."

Ó wá ní, "Bàbá, mo fẹ́ padà wálé. Laetitia bá mi pe àwọn tetí òkun. Àyè kan ṣì wà. Obìnrin tó ń bú èèyàn yẹn ní kí n máa bọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àkọ́kọ́ yẹn, ẹ lè pè é ní ìwà òmùgọ̀. Èyí tí mo ṣe ní ọjọ́ yìí, mi ò mọ orúkọ tẹ́ ẹ máa pè é. Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ náà, ó ṣí i fún èmi náà. Kí n kàn ní, "Máa bọ̀," ó parí. Ṣùgbọ́n tó bá padà wálé, wọ́n á bèèrè pé irú ilé wo ni Àlàní lọ wò. Gbogbo ọjà á gbọ́.

Mo gbé ohùn àgbà wọ̀. "Àdúràọlá, ṣé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń sá ni? Èmi sùn lábẹ́ ọkọ̀ nínú aṣálẹ̀, ejò ń kọjá lórí ẹsẹ̀ mi, mi ò sá. Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú ọ̀gá yẹn tó ti gba ọwọ́ mi? Fara dà á."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ rí ibẹ̀. Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ rí."

Wọ́n fi àyè tetí òkun fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ ọjà ni ìròyìn dé. Ọmọ́yẹmí ń wọn aṣọ fún oníbàárà, fóònù dún, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní Àdúràọlá fara pa, pé ọwọ́ ni.

Ó dé sí Agbonou pẹ̀lú dókítà kékeré kan tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, Florent lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ó gbọ́ Yorùbá ketekete. Báńdéèjì bo ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà dé ìgúnpá. Ó ti rù. Ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí láti inú oorun tí wọn ò jẹ́ kó padà sùn.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Ọmọ́yẹmí tẹ́ ẹní, ó gbé oúnjẹ síwájú àlejò, ó gbé síwájú mi. Laetitia jókòó ti ọ̀rẹ́ ẹ̀. Florent ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Màámi, bọ́ọ̀sì méjì ló kọlura. Wọ́n kó àwọn èèyàn dé, kò sí ọ̀gá kankan nílé. Ó ti tó ọjọ́ méjì tí Àdúràọlá ò ti sùn. Ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ti rún, ó di dandan kí wọ́n gé e, kó má baà kú. Òun nìkan ló wà nídìí ẹ̀. Ó ń fi ayùn gé egungun lọ́wọ́, iná kú. Ayùn yọ̀ bọ́, ó fọwọ́ gbá a mú nínú òkùnkùn."

Ọmọ́yẹmí ti fọwọ́ bo ẹnu.

"Ayùn náà gé iṣan tó ń mú ìka tẹ̀, àti èyí tó ń jẹ́ kí ìka mọ nǹkan lára. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán ọwọ́ wà ní kíníìkì ẹ̀. A pè é, a pè é." Florent wo ilẹ̀. "Èmi ni mo rán an, Màámi. Mi ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán ọwọ́."

Florent wá ní, bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀: "Àwa yòókù, kò síbòmíràn tó gbà wá la ṣe lọ síbẹ̀. Òun ní ibòmíràn tó lè lọ. Mo bi í pé kí ló gbé e débẹ̀. Ó ní bàbá òun kan wá wò ó."

Ọmọ́yẹmí yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ yẹn, níbo ló wà lọ́jọ́ náà?"

Ẹnu mi ò tíì já mi kulẹ̀ rí. Mo ní, "Bóyá wọ́n ti gbé e lọ ibòmíràn. Nígbà tí mo lọ, ó wà níbẹ̀. Yàrá òkè yẹn, iná ò kú níbẹ̀ níṣojú mi…"

Florent gbórí sókè. "Yàrá òkè wo, Bàbá?"

"Yàrá iṣẹ́ abẹ. Òkè ilé funfun yẹn, tó ní fèrèsé dígí."

"Bàbá, àwọn akọ̀wé ló wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì ni. Yàrá iṣẹ́ abẹ wà nílẹ̀, lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí. Kò ní fèrèsé rárá."

"Wọ́n ti tún un kọ́ nìyẹn."

"Ibẹ̀ ló wà kí wọ́n tó bí mi, Bàbá."

Ó wo ojú mi, ó wo ojú Àdúràọlá. Ó yé e. Ọmọlúàbí ni, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bóyá Bàbá ṣì í mú ni. Ilé ibẹ̀ jọra wọn." Mo ti jẹ ìyà lẹ́nu ibodè tó pọ̀, sójà ti gbá mi létí rí. Kò sí èyí tó dùn mí tó àánú tí ọmọkùnrin yẹn ṣe mí.

Àdúràọlá ò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá ẹnu ọ̀nà?"

"Gáàdì kan báyìí, ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́…"

"Ṣé wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé?"

"Rárá."

"Àwọn tó ń sùn lórí ẹní níta ńkọ́? Ṣé ẹ jókòó tì wọ́n?"

"Wọ́n ní kí n jókòó."

"Ṣé ẹ jókòó?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

Mo wá irọ́ nínú ara mi, mi ò rí. Mo ní, "Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn mi."

Laetitia bú sẹ́kún. Àdúràọlá kàn ń wo báńdéèjì ẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Ọmọ́yẹmí dìde. Ó gbé abọ́ oúnjẹ kúrò níwájú mi. Látìgbà tí ìyá wa ti bí i, kò pe orúkọ mi gán-án rí.

Ó ní, "Àlàní. Dìde lórí ẹní mi."

Mo dìde.

Wọ́n gbé e lọ sí Lomé, àwọn tó mọ̀ nípa ọwọ́ wò ó. Wọ́n ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e, wọn ò tẹ̀ dáadáa mọ́, bó o bá fi abẹ́rẹ́ gún wọn, kò mọ̀. Kò sí oníṣẹ́ abẹ tó máa fi irú ọwọ́ yẹn mú ọ̀bẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Moretan, ó ń wo ibà, ó ń fún àwọn àgbẹ̀ ní oògùn aràn. Àwọn aláìsàn fẹ́ràn ẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ó máa ń rẹ́rìn-ín fún wọn. Mi ò tíì rí ẹ̀rín náà.

Mo lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi tí mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ọba.

Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Ìdáríjì lẹ̀yin ń wá. Ìka lèmi ń wá. Mi ò ní tiyín níbí, ẹ̀yin náà ò sì ní tèmi."

Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń rán lọ wòlú, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín máa ń gúnlẹ̀ láìsí ìbéèrè, mo bẹ̀ yín. "Mi ò rí i" kì í pa àgbà. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bi yín. Ká ní Laetitia tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ yẹn, ká ní wọn ò dá a lẹ́kun, bóyá ìkòkò irọ́ mi ì bá ti fọ́ kí wọ́n tó gbé e ka iná.

Mo máa ń gun ọ̀kadà lọ sí Moretan lọ́jọ́ ọjà. Mo máa ń jókòó síwájú ilé ìwòsàn ẹ̀, lábẹ́ ìbòòji. Kò lé mi, kò pè mí. Tí àsìkò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá dé lọ́dọọdún, àwọn dókítà kékeré máa ń wá bá a, àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ abẹ, kó lè sọ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe rí fún wọn.

Lọ́jọ́ kan báyìí, ọ̀kan dé, Didier lorúkọ ẹ̀, bàtà ẹ̀ ń dán. Ó bá mi níta, ó kí mi dáadáa. Ó ní, "Bàbá, wọ́n sọ fún mi lọ́jà pé kò síbi tẹ́ ẹ ò tíì dé. Wọ́n pè mí ní ilé ìwòsàn kan lápá àríwá." Ó dárúkọ rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Mo mọ ilé náà. Mo lè júwe gbogbo fèrèsé ẹ̀ fún un.

Mo ní, "Mi ò dé inú ẹ̀ rí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Háà, Bàbá! Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ kàn ń rẹ ara yín sílẹ̀ ni."

Ohùn Àdúràọlá jáde láti inú yàrá, ó balẹ̀, kò gbóná, kò tutù. "Òótọ́ ni Bàbá sọ. Wọn ò dé inú ibẹ̀ rí. Máa bọ̀ níbí."

Ọmọkùnrin náà bọ́ bàtà ẹ̀, ó wọlé lọ bá a. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.